Àárẹ̀ kì í mú ọkọ̀ abẹ́ òkun, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Keir Starmer, lọ pàdé ọkọ̀ abẹ́ òkun kan tó ń padà bọ̀ wálé ní etíkun Scotland. Ìròyìn tó gba ìgboro kan nígbà náà ni pé ọjọ́ 204 ni ọkọ̀ ọ̀hún ti lò lójú agbami. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi kì í sábà kéde irú iye bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó hàn sí gbogbo ayé pé ìrìnàjò wọ̀nyí ti gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà kan rí, nǹkan bíi oṣù mẹ́ta ni òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà fi ń kúrò lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọkọ̀ mẹ́rin péré ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tó ń gbé ohun ìjà núkílíà kiri, ìlànà tí ìjọba sì ń tẹ̀lé láti ọdún 1969 ni pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lójú òkun nígbà gbogbo. Àwọn ọkọ̀ ọ̀hún ti ń darúgbó. HMS Vanguard, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, wọ ọgbà àtúnṣe lópin ọdún 2015, kò sì jáde títí di ọdún 2023. Bí ọ̀kan bá wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn tó kù ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Bí èyí tó yẹ kó gbaṣẹ́ kò bá sì tíì ṣe tán, èyí tó wà nísàlẹ̀ omi kò lè wálé.

Ní ti ẹ̀rọ, kò sí wàhálà. Agbára núkílíà tó ń wa ọkọ̀ náà lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú omi òkun ni wọ́n ti ń ṣe omi mímu, omi náà ni wọ́n sì fi ń ṣe afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Ohun méjì ló ń tán: oúnjẹ àti ara èèyàn. Oúnjẹ rọrùn láti kà. Ara èèyàn ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń gbìyànjú láti wọ̀n fún ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún.

Groton, ní ìpínlẹ̀ Connecticut lórílẹ̀èdè Amẹ́ríkà, ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ti ní ibùdó ìwádìí ìṣègùn fún ọkọ̀ abẹ́ òkun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ojú àti etí ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀: ta ló lè ríran lóru, ta ló lè fetí dá ìró ọkọ̀ ọ̀tá mọ̀? Ìgbà tí ọkọ̀ núkílíà ń bọ̀ lọ́nà ni ìbéèrè yí padà. Ọkọ̀ àtijọ́ gbọ́dọ̀ yọjú gba afẹ́fẹ́. Nínú èyí tó ń bọ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹnì kan mí síta ni ẹlòmíràn yóò máa mí sínú.

Lọ́dún 1953, wọ́n ti àwọn ọmọ ogun tó lé ní ogún mọ́ inú ọkọ̀ USS Haddock fún ọjọ́ 42. Operation Hideout ni wọ́n pe ìdánwò náà. Wọ́n jẹ́ kí carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, gòkè dé ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀. Nínú afẹ́fẹ́ ìta lónìí, nǹkan bíi ìdá 0.04 ni. Karl Schaefer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti èémí wọn wò. Wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n sì jáde láàyè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wọn yí padà, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó mọ́ wọn lára. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òde òní mọ́ ju ìyẹn lọ dáadáa. Síbẹ̀, ọjọ́ 204 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ọjọ́ 42.

Àríyànjiyàn lórí afẹ́fẹ́ yìí kò tíì parí. Lọ́dún 2012, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn ará ìlú ní Amẹ́ríkà sọ pé bí carbon dioxide inú yàrá bá dé 2,500 nínú mílíọ̀nù kan, agbára èèyàn láti ṣe ìpinnu ń já wálẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn ará Groton gbé irú ìdánwò kan náà fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀ abẹ́ òkun 36, wọ́n sì gbé e dé 15,000. Wọn kò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ṣà yàn, tí iṣẹ́ sì ti mọ́ lára, ni wọ́n dán wò, fún wákàtí díẹ̀ péré. Wákàtí díẹ̀ kò lè jẹ́rìí fún oṣù mẹ́fà.

Ti oorun ló yẹ kó ti àwọn aláṣẹ lójú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wákàtí 18 ni ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ abẹ́ òkun Amẹ́ríkà: mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, méjìlá fún oúnjẹ, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àtúnṣe ẹ̀rọ àti oorun. Ẹni tó sùn lóru lónìí lè máa sùn lọ́sàn-án lọ́la. Lọ́dún 1999, àwọn olùwádìí tẹ àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde lórí melatonin, èròjà tí ara fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Aago ara àwọn òṣìṣẹ́ náà kò tẹ̀lé wákàtí 18 rárá. Ó ń lọ ní tirẹ̀, díẹ̀ lé ní wákàtí 24, bí ẹni tí kò gbọ́ àṣẹ ọ̀gágun. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, tí yóò ṣe ti ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kàwé yẹn fún òun. Síbẹ̀, ọdún 2014 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà sí ọjọ́ oníwákàtí 24, wákàtí mẹ́jọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún 15 gbáko! Ìmọ̀ kọ́ ló pẹ́ dé.

Ti sìgá tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1960, nígbà tí USS Triton yí ayé po lábẹ́ omi, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Benjamin Weybrew, wà nínú ọkọ̀ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìṣesí wọn. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá fún ọjọ́ mélòó kan wò, inú ọ̀pọ̀ wọn sì bàjẹ́. Ó di ìparí ọdún 2010 kí Amẹ́ríkà tó fòfin de sìgá nínú àwọn ọkọ̀ abẹ́ òkun rẹ̀.

Ọkàn ló wá ṣòro jù láti wọ̀n. Nínú ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí, ẹbí lè fi ìwé kékeré tí kò ju ọ̀rọ̀ 120 lọ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ omi kò lè fèsì, kí àṣírí ibi tí ọkọ̀ wà má baà tú. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, wọ́n lè fi pamọ́ fún un títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀. Ẹ rò ó wò ná: kí wọ́n ti sin bàbá, kí àkọ́bí máà mọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 204, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ lọ á ti máa jókòó.

Àwọn tí èyí bá sú tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò ṣeé fi owó rọ́pò lọ́jọ́ kan, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó lè ṣọ́ ẹ̀rọ núkílíà. Australia náà ti wọ ọ̀nà yìí. Lábẹ́ àdéhùn AUKUS, gẹ́gẹ́ bí ètò tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ó fẹ́ ra ó kéré tán ọkọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ó sì gbọ́dọ̀ wá èèyàn tí yóò gbé inú wọn. Iye owó ọkọ̀ ni àwọn olóṣèlú ń jà sí.

Dreadnought, ọkọ̀ tuntun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kàn lọ́wọ́, yóò ní iná tó ń yí padà bí ọ̀sán àti òru, kí aago ara lè mọ ìgbà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2030 ni wọ́n ń retí rẹ̀. Títí di ìgbà náà, àwọn ọkọ̀ ọlọ́jọ́ orí mẹ́rin náà ni yóò máa lọ, àwọn ẹbí tó wà nílé kò sì ní mọ ọjọ́ tí wọn yóò dé.