Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Kí Iléeṣẹ́ Tó Ti Ilẹ̀kùn

Ọ̀rọ̀ sí Mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, sí àwọn aṣòfin, sí àwọn tó ni iléeṣẹ́, àti sí gbogbo ẹni tó ń fi òógùn ojú jẹun

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa n'Ìkejà fi ọdún 11 ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe ike. Lọ́jọ́ Ajé kan, ó dé ẹnu géètì ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ bó ti máa ń ṣe, ló bá rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ èèyàn 43 ló wà nínú ìwé náà, tirẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ìrẹsì tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un ṣì gbóná nínú kúlà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè padà sílé. Abẹ́ igi kan lódìkejì títì ló jókòó sí títí oòrùn fi kanrí, torí kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ nílé. Nígbà tó ń ròyìn fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, gbólóhùn kan ló ń tún sọ: "Àbúrò, ká ní wọ́n wí fún wa lóṣù méjì ṣáájú, ǹ bá ti wá nǹkan ṣe."

Nítorí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe kọ ìwé yìí. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà kì í gbọ́ ìró ogun tirẹ̀ títí ọfà á fi bà á.

Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń bà wá. Ní 2007 ni Michelin ti iléeṣẹ́ táyà rẹ̀ pa ní Port Harcourt. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró n'Ìkejà níbí. Ní 2007 yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná dákẹ́. Ní oṣù Kẹjọ 2023, iléeṣẹ́ oògùn GSK kéde pé àwọn ń kógbá wọlé; nígbà tó di oṣù Kejìlá, Procter & Gamble ní àwọn ò ní ṣe ọjà nílẹ̀ yìí mọ́. Iná ọba tí kò dúró, owó epo dísẹ́ẹ̀lì, ọ̀wọ́n dọ́là, ọjà òkèèrè tó ń wọlé ní pọ̀ọ́kú: gbogbo wa la mọ ohun tó ń fún iléeṣẹ́ lọ́rùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń pa iléeṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Àìsàn tó ń fi oṣù, tó ń fi ọdún jẹ ara ni. Àyè wà láti pe oníṣègùn.

Kí ni òfin wa wí? Abala 20 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ ní agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti iye èèyàn tọ́rọ̀ kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kó sì sa ipá rẹ̀ láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó tí yóò fún àwọn tó ń lọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kò dá iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́ ṣáájú, kò sì ní kó sọ fún ìjọba. "Sa ipá rẹ" kì í sì í ṣe "san án." Ẹni tó ní òun ti sa ipá òun, ta ni yóò wọn ipá náà wò?

Ẹ wá wo owó tó wà nílẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àpò ìjọba fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀rọ gé níka lè rí i gbà. Ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá kò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ó ń san ìdá kan mìíràn fún ITF, fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ tọ́jú ńkọ́? Òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní ó di ìgbà tó bá ti fi oṣù mẹ́rin wáṣẹ́ tí kò rí kó tó lè mú nínú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdámẹ́rin lọ. Onílé kì í dúró de oṣù mẹ́rin. Owó ilé-ìwé kì í dúró dè é.

Àwọn kan ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ní Jámánì, bí ọjà bá kùtà, gbogbo òṣìṣẹ́ á jọ dín wákàtí iṣẹ́ kù dípò kí wọ́n lé àwọn kan lọ. Iléeṣẹ́ á san owó wákàtí tí wọ́n ṣe. Àpò tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá owó sí á fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rọ́pò fún un, ìdá 67 bó bá lọ́mọ. Ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà Kòrónà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 òṣìṣẹ́ ló wà lábẹ́ ètò náà. Nígbà tí ọjà padà, ẹni tó mọ ẹ̀rọ ṣì wà nídìí ẹ̀rọ.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1988 ní iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 100 sókè gbọ́dọ̀ kìlọ̀ ní ọjọ́ 60 ṣáájú kó tó tilẹ̀kùn tàbí lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ìkìlọ̀ náà á dé ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á sì wá bá àwọn tọ́rọ̀ kàn nínú iléeṣẹ́, láti sọ ibi tí iṣẹ́ mìíràn wà àti ibi tí wọ́n ti lè kọ́ṣẹ́ tuntun.

Ẹ má sọ pé agbára wa ò ká a. Ní 2020, lábẹ́ ètò ìrànwọ́ tí wọ́n pè ní Survival Fund, ìjọba àpapọ̀ wa san N30,000 sí N50,000 lóṣù fún òṣìṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké, fún oṣù mẹ́ta. A ti ṣe é rí.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè nìyí:

1. Kí òfin dá ọjọ́ 60 fún ìkìlọ̀. Iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 sókè, tó fẹ́ dín wọn kù, kó sọ fún òṣìṣẹ́ àti fún ọ́fíìsì ìjọba. Kí wọ́n ka àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì mọ́ ọn.

2. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan tí ìkìlọ̀ bá dé, kí ìjọba rán àwọn tó mọ iṣẹ́ lọ síbẹ̀: kí ITF àti NDE, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́, wá pẹ̀lú ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí Bank of Industry wá wò ó bóyá ẹ̀yáwó lè gba iléeṣẹ́ náà là.

3. Kí a dá àpò kan sílẹ̀ fún pínpín wákàtí iṣẹ́. Kí òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ àti ìjọba jọ máa dáwó sí i, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ máa ṣọ́ ọ.

4. Abala 20 yẹn kan náà fún Mínísítà láṣẹ láti ṣe ìlànà tó máa sọ owó tí wọ́n ń fún àwọn tó ń lọ di dandan. Kó lo àṣẹ náà.

Àwọn agbanisíṣẹ́ á ní bí ọ̀rọ̀ bá jáde, oníbàárà á sá, báńkì á sì bínú. Ìbẹ̀rù tó nídìí ni. Kí ìkìlọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ní bòókẹ́lẹ́, kí ìrànlọ́wọ́ lè tètè yọjú. Àwọn mìíràn á ní wọn yóò jí owó àpò náà kó. Kí wọ́n san án tààrà sínú àkáǹtì òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì lẹ orúkọ gbogbo ẹni tó gbowó mọ́ géètì iléeṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Géètì tí wọ́n ń lẹ orúkọ ẹni tí wọ́n lé mọ́, ó gba orúkọ ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, mú un dání lọ sípàdé ẹgbẹ́ yín. Kà á sókè. Lẹ́yìn náà, bi aṣòfin tó ń ṣojú yín pé: ọjọ́ mélòó ni òfin fún òṣìṣẹ́ láti múra sílẹ̀ kí iléeṣẹ́ tó dín wọn kù? Má ṣe kúrò níwájú rẹ̀ títí yóò fi dáhùn.