Ta Ni Yóò San Gbèsè Oṣù Kẹta?

Ní ọdọọdún, nígbà tí oṣù kẹta bá dé ìdajì, tí pápá ti dákẹ́ tí àwọn òǹwòran sì ti gba ilé wọn lọ, ni ìdíje kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 32 tí ó wà lábẹ́ àjọ NFL ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Gègé àti ìwé ìṣirò ni ohun ìjà ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, wọ́n a gbá a mọ́ àyà sá lọ, alátakò a sì máa lépa ẹni tí ó gbé e láti gbé e ṣubú. Ní irú àkókò yìí àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ a máa kún fún ìyìn àwọn alábòójútó ẹgbẹ́: lágbájá gba mílíọ̀nù 20 dọ́là sílẹ̀ láàárín òru ọjọ́ kan, tàmẹ̀dò gba 40. Ní tiwa, a rò pé ìyìn yìí ti pọ̀ jù, nítorí kò sí ẹni tí ó ń béèrè ibi tí owó náà ti wá.

Gbèdéke ni ó fa gbogbo rẹ̀. Láti ọdún 1994, yàtọ̀ sí ọdún 2010 nìkan, ni òfin ti wà pé iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò kọ sílẹ̀ fún àwọn eléré rẹ̀ láàárín ọdún kan kò gbọdọ̀ kọjá iye kan. Mílíọ̀nù 34.6 dọ́là ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025 ó ti di mílíọ̀nù 279.2. Òfin náà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn eléré fi bá àwọn oníẹgbẹ́ ṣe ẹjọ́, nítorí pé ẹni tí àdéhùn rẹ̀ parí kò ní òmìnira láti lọ sí ibi tí ó wù ú. Orúkọ Reggie White ni ó wà lórí ẹjọ́ tí wọ́n parí ní ọdún 1993, òun fúnra rẹ̀ sì fi Philadelphia sílẹ̀ lọ sí Green Bay ní ọdún náà. Àwọn eléré gba òmìnira, àwọn oníẹgbẹ́ gba gbèdéke. Nínú àdéhùn tí ó wà nílẹ̀ láti ọdún 2020, ó kéré tán ìdá 48 nínú 100 owó tí ń wọlé ni ó tọ́ sí àwọn eléré. Láti inú ìpín yìí ni a ti ń ṣírò gbèdéke.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ níbẹ̀, à bá ní ó dára. Ṣùgbọ́n ilé náà ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé wa, ẹ mú ẹfun kí á jọ kọ ọ́ sórí pátákó. Ká ní eléré kan fi ọwọ́ sí ìwé ọdún 5, tí wọ́n sì ka mílíọ̀nù 50 dọ́là fún un lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí owó ìfọwọ́síwèé. Owó ti wọ àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìṣirò, mílíọ̀nù 10 ni a ó kọ sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Bí ẹgbẹ́ bá lé e lọ lẹ́yìn ọdún 2, mílíọ̀nù 30 tí a kò tíì kọ yóò sáré wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú gbèdéke bí ẹni pé ẹni tí ó ti lọ ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òkú owó ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú èyí.

Ẹ pa pátákó rẹ́, kí á ṣe èkejì. Ẹlòmíràn ní owó iṣẹ́ mílíọ̀nù 21 lọ́dún yìí, àdéhùn rẹ̀ sì ku ọdún 4. Ẹgbẹ́ lè fi mílíọ̀nù 1 sílẹ̀ bí owó iṣẹ́, kí ó sọ 20 tí ó kù di owó ìfọwọ́síwèé, kí ó sì pín in sí ọ̀nà 4. Ohun tí ìbá jẹ́ 21 lọ́dún yìí di 6. Lọ́jọ́ kejì ìwé ìròyìn yóò ní wọ́n ti gba mílíọ̀nù 15 sílẹ̀. Wọn kò gba ohunkóhun sílẹ̀. Mílíọ̀nù 5 ni wọ́n dì lé orí ọdún kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ń bọ̀. Eléré náà kì í sábà kọ̀, nítorí owó rẹ̀ tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tilẹ̀ ń fi ọdún òfìfo kún ìwé, ọdún tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé eléré náà kò ní sí níbẹ̀, kí ìpín kọ̀ọ̀kan lè fẹ́lẹ́ sí i.

Àwọn bàbá wa mọ irú ètò báyìí. Bàbá a yáwó ṣe òkú, ọmọ a lọ sin olówó ní ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n ọmọ ìwọ̀fà a máa mọ ẹni tí ó yá owó náà àti òkú tí wọ́n fi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á wo Atlanta. Matt Ryan ni ó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Falcons láti ọdún 2008. Akọni ni, òun ni a yàn ní eléré tí ó pegedé jù lọ ní sáà 2016, sáà tí wọ́n fi dé Super Bowl, tí wọ́n ti ń ṣáájú pẹ̀lú 28 sí 3 kí New England tó wá borí wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 wọ́n ṣe ìwé tuntun fún un: ọdún 5, mílíọ̀nù 150 dọ́là. Ní ọdún 2021, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti lé àwọn òǹwòran kúrò ní pápá, gbèdéke fà sẹ́yìn láti mílíọ̀nù 198.2 sí 182.5. Terry Fontenot, alábòójútó àgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní oṣù kìíní ọdún náà, bá gbèsè tí kì í ṣe òun ni ó jẹ ẹ́ nínú ilé, òun náà sì tún ìwé Ryan tò kí ilé má baà wó lé e lórí. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta ọdún 2022, bí wọ́n bá pa Ryan mọ́, yóò gba ju mílíọ̀nù 48 lọ nínú gbèdéke. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó lọ, yóò fi mílíọ̀nù 40.5 òkú owó sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ó lọ sí Indianapolis. Julio Jones, tí wọ́n ti fà lé Tennessee lọ́wọ́ láti ọdún 2021, ṣì fi mílíọ̀nù 15.5 ṣọwọ́ sí ìwé ọdún 2022. Ẹni méjì tí kò wọ aṣọ Atlanta mọ́ gba ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbèdéke mílíọ̀nù 208.2.

Ní oṣù kẹta yẹn kan náà ni Foyesade Oluokun fi Atlanta sílẹ̀. A kò rò pé ọmọ Yorùbá kan wà tí yóò gbọ́ orúkọ náà tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ìpele kẹfà ni wọ́n ti mú un ní ọdún 2018, láti Yunifásítì Yale, ibi tí a mọ̀ mọ́ ìwé ju bọ́ọ̀lù lọ. Ọdún mẹ́rin ni ó fi ṣiṣẹ́ lórí irú owó kékeré tí wọ́n ń san fún ẹni tí a bá mú ní ìpele ìsàlẹ̀. Ní sáà 2021, kò sí ẹnì kan nínú gbogbo NFL tí ó gbé alátakò ṣubú tó o: ìgbà 192. Jacksonville ní ìpínlẹ̀ Florida fún un ní ìwé ọdún 3, mílíọ̀nù 45 dọ́là. A kò ní sọ pé gbèsè nìkan ni ó lé e kúrò, nítorí ẹgbẹ́ a máa ní èrò tirẹ̀ nípa irú eléré tí ó fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí òkú méjì ń jẹun nílé rẹ̀ kò lè ná ọjà bí ẹni tí kò ní òkú. Ní sáà 2022 Oluokun tún ṣe aṣíwájú gbogbo wọn, ìgbà 184, Jacksonville sì wọ ìdíje ìparí sáà. Atlanta kò wọ̀ ọ́.

Oluokun rí ibi tí ó dára lọ. Kì í ṣe òun ni ọ̀ràn yìí dùn jù. Ẹ wo ẹni tí ó ti ṣe ọdún mẹ́fà tàbí méje, tí kì í ṣe ìràwọ̀, tí kì í sì í ṣe ọ̀dọ́. Nínú àjọ náà, owó tí ó kéré jù tí a lè san fún eléré ń ga bí ọdún iṣẹ́ rẹ̀ ti ń pọ̀, gẹ́gẹ́ bí owó olùkọ́ ti ń gun àkàbà lọ́dọọdún. Ó yẹ kí ìyẹn jẹ́ ọlá fún un. Nígbà tí gbèdéke bá fún ni lọ́rùn, òun gan-an ni ó ń di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀dọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Kí ó sì yé wa dáadáa pé òkú owó kì í ṣe owó tí ó sọnù. Ó ti wọ àpò eléré ńlá kan tipẹ́. Oníẹgbẹ́ kò sì fi kún un: ìpín àwọn eléré kò yí padà, a kàn gba ti ẹni tí ó wà ní àárín láti fi dí ihò tí a gbẹ́ nítorí ẹni tí ó wà lókè. Àwọn tí ó jókòó nídìí tábìlì nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwé ọdún 2018 kò sí lára àwọn tí ó sanwó ní ọdún 2022.

New Orleans ni ó mú àṣà yìí dé góńgó. Nígbà tí sáà 2020 parí, iye tí wọ́n fi kọjá gbèdéke tí ń bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 100 dọ́là. Drew Brees, kí ó tó fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹta ọdún 2021, tilẹ̀ gbà kí wọ́n gé owó ọdún náà láti mílíọ̀nù 25 sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 1. Wọ́n tún ìwé tò, wọ́n tún un tò. Egbìrin ọ̀tẹ̀, bí a ti ń pa ọ̀kan ni ọ̀kan ń rú. Láti sáà 2021 títí dé 2024 wọn kò wọ ìdíje ìparí sáà rárá. Ní oṣù kẹta ọdún 2025 wọ́n tún ìwé Derek Carr tò láti sún owó síwájú. Ní oṣù karùn-ún, èjìká tí ó ń dùn ún mú kí ó fẹ̀yìn tì.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé gbèsè kò burú bí owó tí ń wọlé bá ń pọ̀ sí i. Òótọ́ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2021 àjọ náà bá àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ṣe àdéhùn tí ó ju bílíọ̀nù 100 dọ́là lọ fún ọdún 11, gbèdéke sì fò láti mílíọ̀nù 224.8 ní ọdún 2023 sí 255.4 ní ọdún 2024. Philadelphia ń lo ọdún òfìfo bí ẹni ń mu omi, wọ́n sì gba Super Bowl ní oṣù kejì ọdún 2025. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí agbára wọn ṣì ń bọ̀ ni wọ́n fi gbèsè náà dè mọ́lẹ̀, kì í ṣe àgbà tí wọ́n ń bẹ̀ pé kí ó má tíì lọ.

Wọn yóò tún mú Denver wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, kí Russell Wilson tó ṣe eré kan ṣoṣo nínú sáà fún wọn, wọ́n fún un ní ìwé ọdún 5, mílíọ̀nù 245 dọ́là. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 wọ́n lé e. Òkú owó mílíọ̀nù 85 ni ó jáde: wọ́n kọ 53 sí ọdún 2024, 32 sí 2025, nípa òfin tí ó gbà wọ́n láàyè láti ka ìlélọ náà sí èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà. Síbẹ̀ ní sáà 2024 náà wọ́n borí nínú eré 10, wọ́n sì wọ ìdíje ìparí sáà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gba Super Bowl ní oṣù kejì ọdún 2016. Bo Nix, ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú láti yunifásítì, ni ó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, lórí owó tí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Wilson. Àwọn tí ń yin Denver kì í sábà rántí Justin Simmons. Sáà mẹ́jọ ni ó fi dáàbò bo ẹ̀yìn wọn, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà jù lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 kan náà, ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n kéde pé Wilson ń lọ, wọ́n lé òun náà.

A kò sọ pé kí wọ́n fọ́ gbèdéke. Bí kò bá sí i, ìlú kékeré bíi Green Bay kò ní lè dúró níwájú New York. Ohun tí a kò fara mọ́ ni pé ìwé ọdún 4 jẹ́ ọdún 4 fún akọ̀wé ìṣirò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdún 4 fún eléré tí ó wà ní àárín. Òfin tí ó wà nílẹ̀ ń dáàbò bo owó ọdún àgbà eléré tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹta ni kò ní ààbò. Èrò wa ni pé ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ sún owó eléré ńlá kan síwájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ sọ̀yà lórí owó ọdún tí ń bọ̀ fún àwọn tí ó ti sìn ín ju ọdún 4 lọ.

Àdéhùn tí ó wà nílẹ̀ kò ní parí títí sáà 2030 yóò fi kọjá, ṣùgbọ́n àwọn oníẹgbẹ́ kò ní dúró dìgbà náà kí wọ́n tó wá. Eré 17 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní sáà kan láti ọdún 2021, Roger Goodell tí ó jẹ́ olórí àjọ náà sì ti sọ ní gbangba pé òun fẹ́ràn 18. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀bẹ̀ eré kejìdínlógún náà wá síwájú ẹgbẹ́ àwọn eléré, kí àwọn náà gbé ìwé tiwọn kalẹ̀: orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n lé ní oṣù kẹta, àti orúkọ ẹni tí òkú owó rẹ̀ jókòó sí àyè ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.