Olè Ní Ògbufọ̀, Jagunjagun Kò Ní

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti àkọtọ́ tàbí àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ọgbẹ́ ogun bá wá sílé ni.

Ní Ìpájà níhìn-ín, a ní ilé-ẹ̀kọ́ Command tí ó jẹ́ ti àwọn ológun. A ní Gowon Estate, tí ó ń jẹ́ orúkọ ọ̀gágun tí ó ṣe olórí ìjọba nígbà ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970. A ti fi orúkọ ọ̀gágun sọ àdúgbò. Ta ni ó rántí kọ́púrù tí ó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lójú ogun?

Bí ọmọ ogun bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sọ bí àbùkù ara rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ohun tí wọ́n bá kọ ni owó rẹ̀ yóò tẹ̀ lé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi wà.

Yorùbá kì í pe gbogbo ìrora ní orúkọ kan. Orí a máa fọ́ni, inú a máa runni, egbò a máa tani, eegun a máa roni. Ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun àti ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ òun kú kò sọ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí ìwé, 'pain' ni gbogbo rẹ̀ ń dà.

Ẹnìkan lè sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè iṣẹ́ ológun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbígbọ́ àṣẹ yàtọ̀ sí ríròyìn ìrora. Isaac Fadoyebo, tí ọta bà ní Burma ní 1944, kàwé, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn ara rẹ̀. Àwọn tí kò kàwé ńkọ́?

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 36, fún ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí kò bá gbọ́ èdè ilé-ẹjọ́. Olè ní ògbufọ̀. Èwo ni ti ẹni tí ó gba ọta nítorí Nàìjíríà?

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Láti 1943 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fún ọmọ ogun tí ó fara pa ní ìgbìmọ̀ tí ó dá dúró láti gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀. Amẹ́ríkà dá ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1988. Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè fún tiwa: ògbufọ̀ níwájú àwọn dókítà; àlàyé ìdájọ́ ní èdè tí ẹni náà gbọ́; àti ìgbìmọ̀ mìíràn, yàtọ̀ sí èyí tí ó kọ́kọ́ dájọ́, tí yóò tún un gbọ́.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó ti baba yín. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìrora wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́, àti iṣẹ́ tí ara kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe mọ́. Kí ẹ fi ìwé dókítà tì í, kí ẹ sì gbé e lọ. Ẹnu ẹni la fi í kọ mé jẹ.

Ire o.