Ìwé Amẹ́ríkà fáwọn ọmọ wa tó ń ṣèwádìí: Kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀, ẹ gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀

Láti ìgbà tí ọdún 2026 ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan ò kúrò lẹ́nu àwọn òbí nínú ìpàdé wa ní Kaduna. Bẹ́ ẹ dé Kakuri, òun ni. Bẹ́ ẹ dé Barnawa tàbí Sabon Tasha, òun náà ni. "Ọmọ mi gboyè máásítà ní Zaria, ó ń ṣèwádìí. Ajẹ́ǹtì kan ní òun á bá a gba green card, pé kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbà á síṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ṣé ká ta púlọ́ọ̀tì yẹn ká fi san owó ẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀nà náà wà lóòótọ́. Àmọ́ fún ọmọ Nàìjíríà tó ṣì wà nílé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn tó wà níparí ọ̀nà náà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbowó yín láìsọ apá kejì yìí, ẹ yàgò fún un.

Orúkọ ọ̀nà náà ni EB-2 NIW. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ló sábà máa ń kọ̀wé béèrè fún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ mú wọlé. Àmọ́ tí iṣẹ́ ẹnì kan bá máa ṣe orílẹ̀-èdè wọn láǹfààní gan-an, wọ́n lè gbà kónítọ̀hún fúnra rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ìyẹn fọ́ọ̀mù I-140, sí àjọ USCIS. Owó ìjọba lórí ẹ̀ fún ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ ọ́ jẹ́ $1,015: $715 fún fọ́ọ̀mù, $300 fún àfikún. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tètè dáhùn ló máa san owó mìíràn sí i. Ìyókù tí wọ́n bá kà fún yín, owó agbẹjọ́rò tàbí ti ajẹ́ǹtì ni.

Ìdájọ́ Dhanasar, tó wáyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìwé wọ̀nyí. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò. Ṣé iṣẹ́ tẹ́ni náà fẹ́ ṣe níyì, ṣé ó sì kan gbogbo orílẹ̀-èdè? Ṣé ohun tó ti ṣe sẹ́yìn fi hàn pé ó lè ṣe é? Ṣé àǹfààní rẹ̀ tó ohun tí wọ́n fi máa gbójú fo ti ilé iṣẹ́ tó yẹ kó gbà á? Dhanasar tí wọ́n dájọ́ náà fún ń ṣèwádìí nípa ẹ̀rọ tó ń sáré lófuurufú, ó sì tún fẹ́ máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìwádìí rẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ gbà fún un. Iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n ní ó dára, àmọ́ kò kan gbogbo orílẹ̀-èdè. Torí náà, "ọmọ mi jẹ́ lẹ́kíṣọ̀rà" nìkan ò tó.

Kí wá ni ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níbí lè kó síwájú wọn? Ó pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Kaduna níbí ni NITR wà, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kó èèyàn àti màlúù. Ní Samaru, Zaria, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà lára àwọn tó ṣe ẹ̀wà SAMPEA 20-T, tó ń dènà kòkòrò Maruca lóko, tí wọ́n sì gbé jáde fáwọn àgbẹ̀ ní 2021. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ nírú ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Àmọ́ kò gbọdọ̀ dúró sórí "a ṣe é". Èwo lòun fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Ta ló ti lo èsì rẹ̀? Ìwé ìwádìí mélòó ló tọ́ka sí i? Ọ̀jọ̀gbọ́n wo, tí kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀, ló lè kọ lẹ́tà pé òun mọ iṣẹ́ náà? Ọdún púpọ̀ lèèyàn fi ń kó irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ. Ajẹ́ǹtì ò lè fi oṣù mẹ́ta ṣe é.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le nìyí: ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí kì í ṣe físà. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà ṣì máa tò sórí ìlà, kó tó lọ gba físà ìgbélùú. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ tó dá físà ìgbélùú dúró fún ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú ti àbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́. Benin, aládùúgbò wa, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 2026. Ogún ọjọ́ lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n tún dá físà ìgbélùú dúró fún orílẹ̀-èdè 75, Nàìjíríà tún wà níbẹ̀. Kódà, USCIS ti fi ìpinnu sílẹ̀ ná lórí ìwé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ti wà lọ́hùn-ún.

Ṣé kí wọ́n má kọ̀wé mọ́ nìyẹn? A ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí USCIS gba ìwé náà ni wọ́n fi ń to èèyàn sórí ìlà. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, àyè yẹn di tirẹ̀. Àṣẹ tí ààrẹ pa, ààrẹ lè yí i padà. Ẹni tó lẹ́rìí lọ́wọ́, tó sì lówó tí kò ní dí ìjẹun ilé lọ́wọ́, lè kọ ọ́. Àmọ́ ká ta púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí Bàbá ní nítorí ohun tẹ́nikẹ́ni ò mọ ọjọ́ tó máa bọ́ sí i, a ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀.

Ẹ wo ìlú Ọba náà. Láti oṣù Kejì 2020 ni wọ́n ti ní físà Global Talent, tí òun náà ò nílò pé kí ilé iṣẹ́ kankan gba èèyàn. Ó ní apá tiẹ̀ fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Àwọn àjọ bíi Royal Society ló ń jẹ́rìí sí wọn. Ẹ̀rí kan náà tá a kà sókè yìí ló wúlò níbẹ̀. Àmọ́ ẹ fi owó ìlera, £1,035 lọ́dọọdún fún àgbàlagbà kan, sínú ìṣirò yín.

Ìkìlọ̀ kan tún kù. Àwọn kan ń ta àmì ẹ̀yẹ àti àyè orúkọ lórí ìwé ìwádìí lórí WhatsApp. Ẹni tí USCIS bá mú pé ó parọ́, wọ́n lè ti Amẹ́ríkà mọ́ ọn títí ayé.

Ọ̀pọ̀ bàbá wa bá ojú irin wá sí ìlú yìí, àwọn ará ilé tó ti ṣáájú ló sì fọ̀nà hàn wọ́n. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì ní Zaria wà láàárín wa. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pè wọ́n, kí wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́ wo ẹ̀rí tí wọ́n ní kí wọ́n tó náwó. Tí agbẹjọ́rò kan bá sì ní òun ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ béèrè ìpínlẹ̀ tó ti gba ìwé àṣẹ, kẹ́ ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìpínlẹ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.