Kí ló ń yan ẹ̀rọ géèmù fún wa, orúkọ ni àbí owó?

Àbúrò mi ọkùnrin gbà pé ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tó bá ra Xbox. "PlayStation là ń ṣe nílé wa," bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, àfi bíi pé ó ń ki oríkì. Ó ti gbàgbé bí PlayStation ṣe wọlé wa. PS2 tòkunbọ̀ ni ẹ̀gbọ́n màmá wa gbé wá, torí ohun tí apá wọn ká lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ká ní Xbox ni wọ́n bá pàdé ní iye yẹn, Xbox ni àbúrò mi ì bá máa kì lónìí.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní, "Ó dáa, bọ̀ọ̀dá mi, Japan wá ńkọ́? Àwọn yẹn kì í ra Xbox, kódà kó jẹ́ pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á."

Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní láàbù náà ni: tí nǹkan méjì bá jọ ń rìn, wá ibi tí ọ̀kan ti yí padà tí èkejì dúró sójú kan. Ẹ jẹ́ ká wá a.

Brazil la máa kọ́kọ́ lọ, torí ibẹ̀ ni orúkọ ti dúró tí owó yí padà. Nígbà tí PS4 jáde lọ́dún 2013, 399 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ní Brazil, 3,999 reais ni, ìyẹn ju 1,700 dọ́là lọ nígbà yẹn. Ẹ̀rọ kan náà o! Ariwo sọ, títí Sony fúnra wọn fi jáde wá ṣàlàyé pé owó orí àti owó ibodè ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọdún 2015 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to PS4 ní Brazil gan-an ló tó já wá sí 2,599.

Sony ò sì ṣàwárí nǹkan tuntun. Sega ti mọ ọ̀nà yẹn tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Nintendo fojú Master System ti Sega gbolẹ̀. Ní Brazil, Sega lọ̀gá. Kí ló fà á? Tectoy, ilé-iṣẹ́ Brazil tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1987, ń to ẹ̀rọ Sega ní Manaus, ìlú kan láàárín igbó Amazon tí ìjọba ti dín owó orí kù fún ẹni tó bá dá ilé-iṣẹ́ síbẹ̀. Lọ́dún 1989 wọ́n gbé Master System jáde. Wọ́n túmọ̀ Phantasy Star sí èdè Potogí. Wọ́n mú géèmù Wonder Boy kan, wọ́n yọ akọni inú rẹ̀, wọ́n fi Mônica rọ́pò rẹ̀, ọmọbìnrin inú ìwé àwòrán tí gbogbo ọmọdé ibẹ̀ mọ̀. Nígbà tí ayé yòókù ti gbàgbé Master System, Tectoy ṣì ń tà á. Ìfẹ́ tí àwọn ará Brazil ní sí Sega kì í ṣe irọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ Manaus ló gbà wọlé.

Japan ló ṣòro fún mi. Ní ìparí ọdún 2006, 49,980 yẹ́nì ni PS3 tó kéré jù níbẹ̀. Xbox 360 wà ní 29,800. Lọ́dún 2008 ó já sí 19,800. Síbẹ̀, gbogbo ayé Xbox 360 ní Japan, kò tà tó mílíọ̀nù méjì. Àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Mo ní kó dúró ná. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008 yẹn kan náà, Tales of Vesperia jáde, orí Xbox 360 nìkan ló wà. Xbox tán lórí igbá! Àwọn tí wọ́n ní wọn ò fẹ́ ọjà Amẹ́ríkà náà ló rà á. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé géèmù náà wá sórí PS3 pẹ̀lú àfikún, ìdí tí èèyàn fi máa lọ sọ́dọ̀ Xbox sì pòórá. Géèmù tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Owó pọ́ọ́kú ò lè ra ẹni tí kò rí géèmù tiẹ̀ níbẹ̀.

Tí géèmù bá sì wà níhà méjèèjì, oníbàárà máa ń ka owó ọwọ́ rẹ̀. PS2 tà ju mílíọ̀nù 150 lọ. Sony wá gbé PS3 jáde ní Amẹ́ríkà, 499 àti 599 dọ́là. Mílíọ̀nù 87 ló parí sí.

Nintendo mọ gbogbo èyí. Lọ́dún 2025, Switch 2 oríṣi méjì ni wọ́n gbé sí Japan: èyí tó ń sọ gbogbo èdè, 69,980 yẹ́nì, èyí tó ń sọ èdè Japan nìkan, 49,980. Wọ́n dín in fún ará ilé, wọ́n sì fi èdè ti ilẹ̀kùn kí àlejò má baà wá kó o. Àwa tí dọ́là ń dá owó ọjà fún ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dín nǹkan kan fún wa, àwa la tún ń bá wọn jà lórí orúkọ.

Àbúrò mi ti ń tọ́jú owó PS5 láti ọdún tó kọjá. Lánàá, ó ní kí n bá òun fi díẹ̀ kún un. Mo ní màá fi kún un tó bá kọ́kọ́ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta Xbox Series S. Kò tíì dá mi lóhùn.