Kí tọkọtaya tó ra jíìpù

Ní Ìfànyìn, bí tọkọtaya bá fẹ́ ra jíìpù, ọkọ lè fẹ́ èyí tó ń sáré, kí aya fẹ́ èyí tó gba ọmọ àti ẹrù ọjà. Nígbà tí epo kpayo ń gba ẹnubodè Ìgólò wọlé ní owó pọ́ọ́kú, àríyànjiyàn yìí kò le. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Owó epo wọn ju ìlọ́po méjì lọ; kpayo náà sì gbówó lórí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí jíìpù ayára bá ń mu lítà 3 ju èkejì lọ ní 100 kìlómítà, ní 1000 kìlómítà, ó di lítà 30. Nínú owó ta ni yóò ti jáde? Ìdáhùn yìí ni kí tọkọtaya kọ́kọ́ fìmọ̀ ṣọ̀kan lé lórí.