Iná Mànàmáná ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko: Ọ̀rọ̀ Òṣùwọ̀n Ni

Bí wọ́n bá ti kí ìrun Ìṣáì tán, láti Ìyànà Ìbà títí dé Okokomaiko, ariwo jẹnẹrétọ̀ ló máa ń gba ìgboro kan. Òpópónà Badagry kan náà ni gbogbo wa ń rìn, àmọ́ iná kan náà kọ́ là ń rí. Àdúgbò kan lè ní iná láti àárọ̀ dalẹ́, kí èyí tó tẹ̀ lé e wà nínú òkùnkùn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ àìsí iná ni. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ ti fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, abẹ́ Eko Disco sì ni agbègbè wa bọ́ sí. Nígbà tó yá, wọ́n pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí márùn-ún. Ìsọ̀rí A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó yúnìtì kan fún ìsọ̀rí A láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí 225.

Ariwo sọ nígbà náà, ó sì yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ti aládùúgbò wa tó wà ní ìsọ̀rí E. Epo bẹntiróòlù tí kò tó náírà 200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ti di nǹkan bíi 1,000 ní Èkó nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024. Lítà kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà mú ju yúnìtì kan sí méjì wá. Ìyẹn ni pé náírà 500 sí 1,000 ló ń ná lórí yúnìtì kan nígbà náà, láìtíì ka owó ọ́ìlì àti ti mẹkáníìkì. Ẹni tí wọ́n ní iná tirẹ̀ kò wọ́n gan-an ló ń ra iná tó wọ́n jù lọ. Ó sì tún máa ń jẹ́ tálákà.

Ọ̀rọ̀ mítà ló tẹ̀ lé e. Títí di ìparí ọdún 2024, àwọn tó ní mítà nínú gbogbo oníbàárà ní Nàìjíríà kò tó ìdajì. Bíìlì àfojúdíwọ̀n ni wọ́n ń mú wá fún àwọn tó kù. Nínú Suuratul Mutaffifin, Ọlọ́hun kìlọ̀ gidigidi fún àwọn tó máa ń gba òṣùwọ̀n ní kíkún tó bá jẹ́ tiwọn, tí wọ́n sì máa ń dín in kù bí wọ́n bá ń wọ̀n fún ẹlòmíràn. Ẹni tó gbowó iná tí kò fúnni ní iná, ìkìlọ̀ náà kàn án.

Àmọ́ kó má jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ nìkan là ń bá wí. Ẹni tó fa wáyà gba ẹ̀yìn mítà, tó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù lọ́fẹ̀ẹ́, ìkìlọ̀ yẹn kan òun náà. Kò yẹ ká máa sọ pé "àwọn náà ń rẹ́ wa jẹ." Iná tí ẹnì kan jí ló ń di ẹrù lórí taransifọ́mà gbogbo àdúgbò, bíìlì aládùúgbò tí kò ní mítà ló sì sábà máa ń yọ sí.

Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni ti ẹ̀mí. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti èédú ní gáàsì olóró kan tí kì í rùn, tí a kì í sì í fojú rí. Ó lè pa ìdílé kan lójú oorun. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé ká pa iná ká tó sùn. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé, kódà bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ẹ ń bẹ̀rù olè.

Kí la lè ṣe? Àkọ́kọ́, kí olúkúlùkù mọ ìsọ̀rí tí ilà iná rẹ̀ wà, kó sì máa kọ wákàtí tó ń rí sílẹ̀. Ohùn ẹyọ ẹnì kan kì í rìn jìnnà. Kí àwọn onílé àti ayálégbé jọ kọ̀wé pọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin iná tirẹ̀ ní ọdún 2024, nítorí náà, ẹ̀sùn wa kò ní láti dé Àbújá mọ́. Èkejì, ọjà Alábà tó wà láàárín wa níbí kún fún sólà. Jamáà tó ń dáwó epo jẹnẹrétọ̀ lóṣooṣù lè kó o jọ ra sólà fún mọ́sáláṣí, kí àwọn ọmọ àdúgbò lè máa rí ibi kàwé lálẹ́. Ẹ ṣáà mú oníṣẹ́ tó mọ ojúlówó dání, nítorí ayédèrú wà níbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi wá sí ara àwọn tó ń wọn òṣùwọ̀n dọ́gba, kó sì dáàbò bo àwọn ilé wa. Àmín.